Ẹ fẹ́ fi jíìpù sùn sóko? Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò ní àárọ̀-lọ-alẹ́-bọ̀

Ẹni tó bá ti wa jíìpù gba ọ̀nà oko ní Òkè-Ògùn lẹ́yìn òjò, tàbí tó ti fi táyà tẹ yanrìn etí òkun ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí, á mọ bó ṣe máa ń dùn tó. Ẹ jáde láàárọ̀ Sátidé, ọkọ̀ kan kó sẹ́rẹ̀, ẹ fà á jáde, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ya fọ́tò. Tó bá fi máa di aago mẹ́jọ alẹ́, ẹ ti délé, ẹ ti wẹ̀, àmàlà ti wà níwájú yín. Kì í pẹ́ tí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ á fi sọ pé: "Kí ló dé tá ò kúkú sùn síbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí. Ṣùgbọ́n ìrìn ọjọ́ mẹ́ta kì í ṣe ìrìn ọjọ́ kan tí wọ́n kàn fà gùn. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a máa ṣàlàyé ohun tó ń yí padà, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ní, èyí tí kò yẹ kẹ́ ẹ tíì ná owó lé lórí, àti àwọn nǹkan tó lè gbẹ̀mí èèyàn tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí.

Kí ni ìyàtọ̀ gan-an?

Tẹ́ ẹ bá lọ láàárọ̀ tẹ́ ẹ bọ̀ lálẹ́, ilé ló ń bo àṣìṣe yín. Ẹ gbàgbé omi? Ẹ máa mu ún tẹ́ ẹ bá délé. Bátìrì fẹ́ kú? Mẹkáníìkì àdúgbò á wò ó lọ́la. Ara ẹnì kan ò yá? Ọsibítù ò jìnnà. Tẹ́ ẹ bá wá máa sùn síta fún alẹ́ méjì, kò sí ilé tó máa bo nǹkan kan mọ́. Àṣìṣe àná ni ẹ máa jí bá láàárọ̀. Ìdí nìyẹn tá a fi ń sọ pé kì í ṣe ọkọ̀ ló kọ́kọ́ yẹ kó yí padà, ìṣirò ni.

Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Wọ́n á kọ́kọ́ ra táyà ńláńlá, àgọ́ orí ọkọ̀ àti iná tó ń tàn bí oòrùn. Ẹ wo àwọn tó ti rìn jìnnà. Ní 2024, Pelumi Nubi wa Peugeot 107, ọkọ̀ kékeré téèyàn lè fi lọ ọjà, láti Lọ́ńdọ̀nù wá sí Èkó. Ó gbéra ní ìparí oṣù Kìíní, ó sì wọ Èkó lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹrin. Lọ́dún 2022, alùpùpù ni Kunle Adeyanju gùn gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wá sílé. Àwọn àgbà nínú yín náà á rántí Ọlábísí Àjàlá, tó fi alùpùpù kékeré Vespa rìn káàkiri ayé, tí ìwé ìrìn àjò rẹ̀, An African Abroad, sì jáde ní 1963.

Kò sí ìkankan nínú wọn tó gbé jíìpù olówó iyebíye. Ètò ni wọ́n ní, àti ọgbọ́n ohun tí wọ́n máa ṣe tí nǹkan bá dàrú. Pelumi náà ní ìjàǹbá ọkọ̀ ní Ivory Coast. Ó dúró, wọ́n tún ọkọ̀ ṣe, ó tẹ̀síwájú. Ẹni tí kò fi àyè sílẹ̀ fún irú ìdádúró bẹ́ẹ̀, kò tíì ṣe tán láti sùn síta.

Ìwúwo: ẹ ṣe ìṣirò yìí kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun

Gbogbo ọkọ̀ ló ní ìwọ̀n ẹrù tí wọ́n ṣe é láti gbé. Ẹ máa rí nọ́ńbà rẹ̀ lára irin ẹnu ọ̀nà awakọ̀ tàbí nínú ìwé tó bá ọkọ̀ wá. Ẹ mú ìwọ̀n tó ga jù tí wọ́n fọwọ́ sí fún ọkọ̀ náà, kẹ́ ẹ yọ ìwọ̀n ọkọ̀ lófìfo kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó kù ni ẹrù tẹ́ ẹ lè kó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sínú rẹ̀ náà sì wà lára ẹrù yẹn. Fún ọ̀pọ̀ jíìpù tó wà nígboro, ó máa ń wà láàárín 500 sí 700 kílò.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é fún èèyàn mẹ́rin tó fẹ́ lọ fún ọjọ́ mẹ́ta:

- Àgbàlagbà mẹ́rin, kílò 75 ẹnì kọ̀ọ̀kan: 300 kílò
- Omi, lítà 80: 80 kílò
- Epo àpamọ́, lítà 40: nǹkan bíi 30 kílò
- Oúnjẹ, kúlà, sítófù àti ìkòkò: 40 kílò
- Àgọ́, fóòmù àti aṣọ: 50 kílò
- Bátìrì kejì: 25 kílò
- Irinṣẹ́, okùn ìfàkọ̀, ṣọ́bìrì àti jáàkì: 50 kílò

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 575 kílò. Fún jíìpù tí agbára rẹ̀ jẹ́ 500, ẹ ti ju ìwọ̀n lọ láìtíì gbé àgọ́ orí ọkọ̀. Àgọ́ yẹn nìkan lè tó 50 sí 70 kílò, bẹ́ẹ̀ ni òrùlé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kò gbà ju nǹkan bíi 75 sí 100 kílò lọ nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn.

Ọkọ̀ tí ẹrù pa kì í dúró kíákíá tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì. Sípíríǹgì rẹ̀ á máa kán, táyà á máa gbóná. Tó bá jẹ́ orí ni ẹrù pọ̀ sí, ọkọ̀ lè dojú dé níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Nítorí náà, ohun tó wúwo gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn, kí wọ́n sì so ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Kẹ́ẹ̀gì omi lítà 20 tí kò ní okùn, tí ọkọ̀ bá ṣèèṣì forí sọ igi, orí ẹni tó jókòó síwájú ló máa bá a.

Omi: lítà márùn-ún fún ẹnì kan lójúmọ́

Lítà mẹ́ta sí mẹ́rin lèèyàn lè mu lójúmọ́ nínú ooru wa yìí, pàápàá tó bá ń fi ṣọ́bìrì gbẹ́ yanrìn lábẹ́ táyà. Ẹ fi ti oúnjẹ àti ọwọ́ fífọ̀ kún un, lítà márùn-ún ni kẹ́ ẹ fi ṣírò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èèyàn mẹ́rin fún ọjọ́ mẹ́ta jẹ́ lítà 60. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ti ọjọ́ kan kún un fún ìdádúró. Bó ṣe di 80 nìyẹn.

Àpò pure water kan tó ní ogún ọ̀rá jẹ́ lítà mẹ́wàá, ìyẹn ni pé àpò mẹ́jọ lẹ nílò. Ṣùgbọ́n ẹ má fi gbogbo rẹ̀ ṣe ọ̀rá, torí ọ̀nà tó ń gbọ̀n ọkọ̀ jìgìjìgì máa ń bẹ́ ẹ. Ẹ pín in sínú kẹ́ẹ̀gì mélòó kan, kó má jẹ́ kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo. Tí kan bá jò, òmíràn á ṣẹ́kù.

Èmi tí mo ń kọ èyí náà ti jìyà ẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí àwa mẹ́rin lọ sùn síta, omi mímu nìkan la ṣírò. Lọ́jọ́ kejì, rọ́bà redíétọ̀ la lára, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. A fi téèpù wé e, àmọ́ omi tí a fẹ́ mu la dà sínú rẹ̀ kó tó lè gbé wa dé abúlé tó sún mọ́ wa. A dé ibẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá omi méjì péré. Kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ náà fún bíi wákàtí méjì. Láti ọjọ́ náà, omi ọkọ̀ ní kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀, a kì í sì í fọwọ́ kan án.

Omi odò tàbí ti ìṣàn ńkọ́? Ẹ sè é títí tó fi hó dáadáa kẹ́ ẹ tó mu ún. Omi tó mọ́ lójú kì í ṣe omi tó mọ́ nínú.

Epo: ẹ má ṣírò ọ̀nà oko bí ọ̀nà ọ̀dà

Ọkọ̀ tó ń rin kílómítà mẹ́wàá lórí lítà kan ní òpópónà lè má rìn ju márùn-ún lọ nínú yanrìn tàbí ẹrẹ̀, torí jíà kékeré lẹ máa fi wà á. Ẹ ka kílómítà tẹ́ ẹ máa rìn lọ́nà oko, kẹ́ ẹ pín in sí márùn-ún, kẹ́ ẹ wá fi ìdá mẹ́rin kún un. Ẹ kún táńkì yín ní ìlú ńlá tó kẹ́yìn, ẹ má retí pé ilé epo abúlé á ní epo lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dé.

Kẹ́ẹ̀gì epo kò gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ níbi téèyàn ń mí sí. Ẹ lo kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ṣe fún epo, kó wà níta lẹ́yìn ọkọ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e kalẹ̀ sórí ilẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń rọ epo sí i. Ẹ máa gbé e jìnnà sí ibi tẹ́ ẹ ti ń dáná.

Táyà àti bí a ṣe ń fa ọkọ̀

Ẹni tó ti ń lọ àárọ̀-lọ-alẹ́-bọ̀ mọ̀ pé tí yanrìn bá rọ̀, èèyàn máa ń dín afẹ́fẹ́ táyà kù. Bíi 18 sí 20 PSI máa ń tó fún ọ̀pọ̀ jíìpù. Ohun tó yí padà ni pé ẹrù ti wà nínú ọkọ̀ yín báyìí. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé láti fẹ́ táyà náà padà kẹ́ ẹ tó gun ọ̀nà ọ̀dà, tẹ́ ẹ sì tẹ iná, táyà á gbóná, ó sì lè bẹ́. Nítorí náà, ẹ̀rọ ìfẹ́táyà kékeré tó ń lo iná ọkọ̀ àti gééjì ṣe pàtàkì ju iná orí bọ́ńpà lọ.

Ẹ tún wo ọjọ́ orí táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: tẹ́ ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tòkúnbọ̀ tó ṣì ní eyín dáadáa lè ti gbó kọjá lílò. Táyà sípíà náà ńkọ́? Ẹ yẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wò nílé, kó má jẹ́ inú igbó lẹ ti máa mọ̀ pé ó ti jò.

Ní ti fífa ọkọ̀, ohun kan wà tá a gbọ́dọ̀ tẹnu mọ́: ẹ má fi okùn kọ́ bọ́ọ̀lù irin tí wọ́n fi ń fa tírélà kékeré lẹ́yìn ọkọ̀. Bọ́ọ̀lù yẹn lè já, kó sì fò bí ọta ìbọn. Ó ti pa èèyàn lókè òkun. Ojú irin tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ pèsè fún fífà nìkan ni kẹ́ ẹ lò. Kí gbogbo èèyàn sún kúrò nítòsí okùn kí wọ́n tó fà á, ó kéré tán, ìlọ́po kan àbọ̀ gígùn okùn náà.

Ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ táyà, ẹ ti pákó tàbí pátákó ìyọkọ̀ sí i, kẹ́ ẹ tó ronú okùn. Ẹ má sì jẹ́ kó jẹ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo ló lọ. Ọkọ̀ méjì ni, kéèyàn tó sọ̀rọ̀ sísùn.

Níbo lẹ máa sùn?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ ni inú ọkọ̀: ẹ tẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ẹ gbé fóòmù lé e, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé tẹ́ ẹ ṣí díẹ̀. Kò náni lówó púpọ̀, ó sì ṣeé tì pa. Èèyàn méjì péré ló gbà, ṣá o. Ìkejì ni àgọ́ ilẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ lẹ́rù, ó gba èèyàn púpọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́jú, kó gbẹ, kó má sì wà nítòsí òkìtì èèrà. Ìkẹta ni àgọ́ orí ọkọ̀. Ó dùn ún sùn, àmọ́ a ti sọ ti ìwúwo rẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ wakọ̀ lọ ra omi, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ká a.

Fún ìrìn márùn-ún àkọ́kọ́, ìmọ̀ràn wa ni inú ọkọ̀ tàbí àgọ́ ilẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ ó tó mọ irú èyí tó bá ara yín mu.

Ẹ má pàgọ́ sójú odò tó gbẹ, bó ti wù kí yanrìn rẹ̀ mọ́ tó. Òjò tó rọ̀ níbi tó jìnnà sí yín lè gbé omi wá bá yín lóru. Ẹ má pàgọ́ sábẹ́ igi tó ti kú, tàbí sí ẹ̀bá omi níbi tí ẹran ti ń wá mu. Ẹ débẹ̀ nígbà tí ojú ṣì mọ́lẹ̀, bíi aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn yí ká kẹ́ ẹ tó já ẹrù sílẹ̀.

Èéfín tí kò ní òórùn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka apá yìí lẹ́ẹ̀mejì. Gáàsì kan wà tó ń jẹ́ carbon monoxide, tó máa ń jáde níbikíbi tí nǹkan bá ti ń jó: ẹ́ńjìnì ọkọ̀, jẹ́nẹ́rétọ̀, èédú, sítófù gáàsì. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ẹni tó ń sùn kò ní mọ̀ pé ó ń mí i. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ni, òòyì á kọ́ni, lẹ́yìn náà oorun àsùn-ùn-jí ni. A ti gbọ́ irú ìròyìn yìí nípa ìdílé tó gbé jẹ́nẹ́rétọ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Inú ọkọ̀ àti inú àgọ́ kéré ju yàrá lọ.

Nítorí náà:

- Ẹ má tan ẹ́ńjìnì sílẹ̀ nítorí AC kẹ́ ẹ wá sùn lọ.
- Ẹ má gbé ìkòkò èédú wọ inú àgọ́, kódà tí ọyẹ́ bá mú, kódà tó bá jọ pé ó ti kú.
- Ẹ má dáná nínú àgọ́ tàbí nínú ọkọ̀ nígbà òjò. Ẹ ta tapólì síta, kẹ́ ẹ dáná sábẹ́ rẹ̀.
- Tí ẹnì kan bá sọ pé orí ń fọ́ òun nínú àgọ́, ẹ gbé e síta kẹ́ ẹ tó bèèrè ohunkóhun.

Oúnjẹ àti iná

Ẹ má se àsè. Gààrí, kúlíkúlí, ẹja gbígbẹ, ọbẹ̀ ata tẹ́ ẹ dín títí omi fi gbẹ lára rẹ̀, ìrẹsì àti ẹyin máa gbé yín dé ọjọ́ kẹta láìsí fìríìjì. Ẹ fi omi sínú ike, ẹ jẹ́ kó di yìnyín nílé, kẹ́ ẹ tò ó sínú kúlà. Ó máa mú nǹkan tutù fún ọjọ́ kan tàbí méjì, tó bá sì yọ́, ó di omi mímu.

Fìríìjì ọkọ̀ dára, àmọ́ ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Kékeré nínú wọn lè jẹ bíi 30 sí 40 Ah lójúmọ́. Bátìrì olómi tí wọ́n kọ 100 Ah sí, ìdajì rẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ lò kó má baà bàjẹ́. Tó bá wá jẹ́ pé bátìrì tó ń sáná sí ọkọ̀ ni fìríìjì ń mu, ẹ lè jí láàárọ̀ kí ọkọ̀ má sáná. Ẹni tó bá fẹ́ fìríìjì gbọ́dọ̀ ní bátìrì kejì tí wọ́n yà sọ́tọ̀, pẹ̀lú fíúùsì lórí wáyà rẹ̀. Fún àkókò yìí, tọ́ọ̀ṣì orí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan àti páwà báǹkì méjì tó.

Ní ti ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà, kó jìnnà sí omi tó 60 mítà, kẹ́ ẹ sì bò ó. Gbogbo ọ̀rá àti ike, ẹ kó o padà wálé. Àgbẹ̀ tó ni ilẹ̀ náà á rántí yín fún un, bóyá sí rere, bóyá sí búburú.

Ẹ̀fọn, eku àti ejò

Òru ni ẹ̀fọn tó ń fa ibà máa ń jẹni jù. Nẹ́ẹ̀tì olóògùn kì í ṣe àfikún, ó wà lára ohun tó jẹ́ dandan. Ẹ ti oúnjẹ pa sínú ike oníderí, torí eku ló ń gbé àrùn Lassa kiri, gààrí tó ṣí sílẹ̀ sì wà lára ohun tó ń wá.

Ẹ gbọn bàtà kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ má rìn lóru láìsí tọ́ọ̀ṣì àti bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀. Tí ejò bá bu èèyàn ṣán, ẹ má fi abẹ lá ojú ibẹ̀, ẹ má fẹnu fa á, ẹ má sì fi okùn dì í pinpin. Ẹ bọ́ òrùka àti aago kúrò lọ́wọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà, ẹ jẹ́ kó dúró sójú kan bí ẹni tí egungun rẹ̀ kán, kẹ́ ẹ gbé ẹni náà lọ sí ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìdí nìyí tẹ́ ẹ fi gbọ́dọ̀ mọ ọsibítù tó sún mọ́ ibi tẹ́ ẹ ń lọ, kẹ́ ẹ sì ti pè wọ́n ṣáájú láti mọ̀ bóyá wọ́n ní abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò.

Ọ̀rọ̀ ààbò

A ò ní tan ara wa jẹ. Ní Nàìjíríà lónìí, ìbéèrè àkọ́kọ́ kọ́ ni bóyá ọkọ̀ lè débẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá ó yẹ kéèyàn sùn níbẹ̀. Àwọn ajínigbé ti sọ igbó kan di ibùba, ibi tó sì dáa lọ́dún tó kọjá lè má dáa lóṣù yìí.

Ẹ má dá sùn sínú igbó tí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀ tàbí ọba ìlú náà, kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ bá wá. Tó bá ní kẹ́ ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ padà. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá, Àmọ̀tẹ́kùn àti àwọn ọdẹ àdúgbò. Ẹ má wakọ̀ lóru. Ẹ má gbé fọ́tò ibi tẹ́ ẹ wà sórí Facebook tàbí WhatsApp títí ẹ ó fi délé.

Ẹ kọ ètò ìrìn yín sínú ìwé, kẹ́ ẹ fún ẹnì kan nílé: ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà, ibi tẹ́ ẹ máa sùn, nọ́ńbà ọkọ̀, orúkọ gbogbo yín, àti aago tẹ́ ẹ máa pè é. Kó mọ̀ pé tó bá di aago báyìí tí kò gbọ́ ohùn yín, ẹni báyìí ni kó kàn sí. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112, ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC sì ni 122. Ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá sí, nọ́ńbà kankan ò wúlò níbẹ̀, ẹni tó ń retí yín nílé nìkan ló wúlò.

Ìgbà wo ló dáa jù?

Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì, ilẹ̀ gbẹ, ẹ̀fọn dín kù, ìṣàn ò kún. Àmọ́ àkókò yẹn náà ni wọ́n ń sun igbó. Ẹ pàgọ́ síbi tí koríko ò sí, kẹ́ ẹ dojú ọkọ̀ kọ ọ̀nà àbájáde. Ẹ pa iná oúnjẹ yín pẹ̀lú omi, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan eérú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sùn. Eruku ọyẹ́ máa ń dí fílítà afẹ́fẹ́ ọkọ̀, ẹ gbé òmíràn dání. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin, ilẹ̀ pupa á di ọṣẹ, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ lọ jìnnà.

Àtẹ̀gùn mẹ́rin

Àkọ́kọ́: ẹ sùn sínú ọgbà ilé yín lálẹ́ ọjọ́ kan. Láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ dé mẹ́jọ àárọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọlé mú ohunkóhun, àyàfi tí nǹkan pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀. Ohun gbogbo tẹ́ ẹ bá rántí lóru, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé yẹn níye lórí ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè tà fún yín lọ.

Ìkejì: ẹ wá ibi ìgbafẹ́ tó ní ọgbà, gééètì àti ọlọ́dẹ, kẹ́ ẹ bèèrè bóyá wọ́n gbà kẹ́ ẹ pàgọ́ sí àyè ìgbọ́kọ̀sí wọn. Ibi tó ní yàrá bí ibi ìgbafẹ́ ìsun omi gbígbóná Ìkògòsì ní Èkìtì dáa láti bẹ̀ wò, torí tí òjò bá le, ẹ lè sanwó wọlé.

Ìkẹta: alẹ́ méjì, ọkọ̀ méjì, níbi tí kò ju wákàtí kan lọ sí ìlú tó ní ọsibítù àti mẹkáníìkì.

Ìkẹrin: ibi tó jìnnà, pẹ̀lú àṣẹ. Ọgbà Ẹranko Old Oyo, tí ìjọba sọ di ọgbà àpapọ̀ orílẹ̀-èdè ní 1991, fẹ̀ tó 2,512 kílómítà níbùú lóròó, àwókù Ọ̀yọ́-Ilé sì wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi téèyàn ń wọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì wọn ní ìlú Ọ̀yọ́, ẹ bèèrè bí ààbò ṣe rí lọ́sẹ̀ náà, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ lé ohun tí àwọn ẹ̀ṣọ́ bá sọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọjá sí Benin tàbí Togo nílò Brown Card ti ECOWAS, ìyẹn ìwé adójútòfò ọkọ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ fọwọ́ sí.

Kẹ́ ẹ tó tì ilẹ̀kùn ilé

- Ìwé ọkọ̀, láísẹ́ǹsì, C-caution, ohun ìpaná
- Táyà sípíà, jáàkì, pákó tí jáàkì máa gùn, ẹ̀rọ ìfẹ́táyà, gééjì
- Fáànù bẹ́ẹ̀tì, rọ́bà redíétọ̀, fíúùsì, ẹ́ńjìnì ọ́ìlì, téèpù, wáyà
- Ṣọ́bìrì, àdá, okùn ìfàkọ̀, pátákó ìyọkọ̀ méjì
- Omi mímu àti omi ọkọ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀
- Nẹ́ẹ̀tì, tọ́ọ̀ṣì, oògùn ẹnì kọ̀ọ̀kan, bándéèjì, ORS
- Máàpù tẹ́ ẹ ti tọ́jú sórí fóònù tó ṣeé wò láìsí dátà

Tí ohun kan bá ku nínú ìwọ̀nyí, ẹ má lọ sọ pé "Ọlọ́run á ṣe é." Ẹ sún ìrìn náà sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Igbó ò ní sá lọ. Ẹni tó sùn síta tó délé láyọ̀ ló máa ní ìtàn láti sọ, òun náà ló sì máa lè tún padà lọ.